Ẹ má ti ọmọ ajá mọ́ kéèjì: bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ́ kó mọ èèyàn, ariwo àti àdúgbò kó tó pé oṣù mẹ́rin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọmọ ajá àbí tẹ́ ẹ ń múra àtirà, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, téèyàn bá ti gbé ọmọ ajá wọlé, Boerboel ni o, Rottweiler ni o, Alsatian ni o, àbí ajá ìbílẹ̀ tá à ń pè ní Bingo, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún un ni pé kó lọ kan kéèjì, kó tì í mọ́bẹ̀, kó má jẹ́ kí àlejò kankan fọwọ́ kàn án, kó má jẹ́ kó rí ìta rárá, "kó lè burú dáadáa." Tó bá fi máa pé ọdún kan, ajá yẹn ti burú lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń burú sí? Ó ń gbó mọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ti bu ọmọ onílé jẹ lọ́wọ́, wọn ò lè tú u sílẹ̀ tí àlejò bá wà nílé, wọn ò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bẹ́ẹ̀ tí olè bá fo fẹ́ǹsì wọlé lóru, inú kéèjì ló wà tó ń pariwo bó ṣe máa ń pariwo látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dìde wò ó.

Èyí tí wọ́n ń pè ní burú yẹn, ìbẹ̀rù ni. Ajá tí kò mọ nǹkan kan, gbogbo nǹkan ló ń já a láyà, ajá tí àyà ẹ̀ sì já tí kò ríbi sá sí, eyín ló máa lò. Ajá tó mọ mọlémọlé, tó mọ ìyá tó ń kiri mọ́ínmọ́ín, tó mọ ọlọ́kadà tó máa ń gbé ẹ̀gbọ́n yín wálé, òun gan-an ló máa tètè mọ̀ pé ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá fẹ́ǹsì laago méjì òru kì í ṣe ara ilé. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, fún ọmọ ajá ẹ̀wẹ̀, kékeré yẹn kúrú ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbà wo gan-an?

Tí wọ́n bá bí ọmọ ajá, kì í ríran, kì í gbọ́ràn. Ojú ẹ̀ máa ń là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, etí náà á wá ṣí tó bá ń lọ sí ọ̀sẹ̀ 3. Láti ọ̀sẹ̀ 3 yẹn títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, ohunkóhun tó bá rí tí kò sì pa á lára, á gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, nǹkan tó bá ṣàjèjì sí i, ìfura ló máa kọ́kọ́ fi wò ó, ẹ wá fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Èyí kì í ṣe àgbọ́sọ o. Àwọn onímọ̀ méjì kan, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ajá oríṣi márùn-ún ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ bí ìwà ajá ṣe ń dàgbà (ọ̀kan nínú àwọn ajá náà ni Basenji, tí ìran ẹ̀ wá láti Kóńgò níbí ní Áfíríkà). Ní 1961, Freedman, King àti Elliot sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá kan sínú pápá tí wọ́n fi fẹ́ǹsì gíga yí ká, tí àwọn ọmọ ajá náà ń jẹ ń mu láìrí èèyàn sójú. Wọ́n mú àwọn kan jáde ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 3, ọ̀sẹ̀ 5, 7, 9, wọ́n bá wọn ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n dá wọn padà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò mú jáde rárá àfi ìgbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 14. Àwọn tó kẹ́yìn yìí, bí ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n rí, kò sí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn tó tí wọ́n fi gba èèyàn tọ́wọ́tẹsẹ̀. Ìyà ò jẹ wọ́n, ebi ò pa wọ́n, wọn ò kàn rí èèyàn lásìkò ni. Ẹ wá ro ti ọmọ ajá tẹ́ ẹ tì mọ́ ẹ̀yìnkùlé láti oṣù méjì títí dé oṣù márùn-ún.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọwọ́ ẹni tó ń tà á ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹ lọ síbẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, ẹ wo ìyá ẹ̀. Tí ìyá bá ń gbọ̀n ní kọ̀rọ̀, àbí tó fẹ́ já ṣéènì torí pé ẹ wọlé, àwọn ọmọ ń wò ó, wọ́n ń kọ́ ọ. Èmi ò ní rà níbẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ rí ni àwọn tó ń gbé nítòsí èèyàn, lẹ́yìn kíṣìnnì àbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ti ń gbọ́ ìró ìkòkò àti rédíò, tí ọmọ ilé ń gbé wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sáré wá gbóòórùn bàtà yín tẹ́ ẹ bá lóṣòó.

Ẹ má gbé e kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì máa ń gbé ti ọ̀sẹ̀ 4 àbí 5 wá, wọ́n á ní ó ti ń jẹun. Ó lè máa jẹun lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà tí èèyàn ò lè kọ́ ọ bí àwọn tí wọ́n jọ bí wọn ṣe máa kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ń ṣeré tí ọ̀kan gé èkejì jẹ jù, onítọ̀hún á han goooro, á kúrò níbẹ̀, eré parí nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí eyín òun ṣe mú tó. Èyí tí wọ́n já lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 4, ọwọ́ yín àti ẹsẹ̀ ọmọ yín ló máa fi kọ́ ọ.

Ó ti délé

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọmọ àdúgbò máa wá tò láti gbé e. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀ ni, ó máa sunkún lóru, ẹ má sì lọ jù ú sí ẹ̀yìnkùlé torí ẹkún yẹn. Ẹ bẹ ẹni tó tà á kó fún yín ní àkísà tí òórùn ìyá ẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú páálí, ẹ gbé páálí náà sítòsí ibi tẹ́ ẹ ń sùn. Ó máa balẹ̀.

Kéèjì ò burú fúnra ẹ̀. Ibi tó máa wọ lọ sùn nígbà tó bá wù ú ló yẹ kó jẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀ á máa wà ní ṣíṣí, oúnjẹ ẹ̀ á máa wà níbẹ̀ nígbà míì. Ẹ máa tì í pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun tó sì ti tọ̀, kẹ́ ẹ kúrò lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá kó tó bẹ̀rẹ̀ igbe, ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kó mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá lọ ẹ máa dé. Ọmọ ajá tí kò dá wà rí, ọjọ́ tí gbogbo ilé bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ya fóòmù sófà.

Ẹ sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé máa lò, kì í ṣe pé bàbá ń pè é ní Tańmọ̀la tí àwọn ọmọ ń pè é ní Jack. Tó bá ti gbọ́ orúkọ tó wẹ̀yìn, ẹ fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ má fi orúkọ yẹn bá a wí.

Nǹkan tá à ń fún un jẹ yìí, kò gbọ́dọ̀ wọ́n yín lọ́wọ́, torí púpọ̀ lẹ máa lò. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tẹ́ ẹ bọ̀ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà ló dáa jù, ó ń ta sánsán, ajá ò lè kọ̀ ọ́. Ẹja gbígbẹ tẹ́ ẹ yọ egungun ẹ̀ dáadáa náà dáa. Ẹ má fi àlùbọ́sà, iyọ̀ àti Maggi sè é o, àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Èèyàn: gbogbo oríṣi tó wà ládùúgbò yín

Lójú tiwa èèyàn ni èèyàn, lójú ọmọ ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá tó wọ agbádá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ apá ẹ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìyá tó wé gèlè gàgàrà, obìnrin tó wọ níkáàbù, ọlọ́kadà tó dé akoto tí ò lójú, bàbá àgbà tó ń tẹ̀pá, bíríkìlà tó ru àpò sìmẹ́ńtì, mẹkáníìkì tó ń rùn fún ọ́ìlì, sójà àbí ọlọ́pàá tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ẹni tó ṣí agboòrùn nínú òjò, ẹni tó ń rọ́ ẹsẹ̀ kan, ọmọ kékeré tó ń ṣubú tó ń dìde, ọmọ iléèwé tó ń sáré tó ń pariwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lórí fóònù yín, ẹni tó ti rí àti ẹni tí kò tíì rí. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó o, ó ní láti rí wọn léraléra.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ jókòó síwájú géètì yín nírọ̀lẹ́, ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ àbí kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí ẹní tiyín. Ẹnì kan ń kọjá lọ, ọmọ ajá gbójú sókè wò ó, ẹ fún un lẹ́ran. Ẹni yẹn lọ, ẹ dáwọ́ dúró. Òmíràn ń bọ̀, ó wò ó, ẹran. Kò pẹ́ tó fi máa yé e pé ẹni tuntun túmọ̀ sí ẹran, ìgbà tó bá rí onígèlè yín gan-an ló máa yíjú wò bóyá ọwọ́ yín ti ń lọ sínú ọ̀rá. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kí i, ẹ ní kó lóṣòó, kó fẹ̀gbẹ́ sí i, kó na ọwọ́ sílẹ̀, kó má nà án lé e lórí, ọmọ ajá ló máa rìn lọ bá a. Tí kò bá lọ, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ọ̀ràn ńbẹ̀, ó ti rí i, ó ti tó fún tòní.

Àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọn ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan àwọn, pàápàá tí wọ́n bá ti ṣe àlùwàlá tí wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ fa ajá yín sẹ́yìn. Kò pọn dandan kí wọ́n fọwọ́ kàn án, tó bá ti jókòó lọ́ọ̀ọ́kán tó ń wo bàbá tó wọ jálàbíà tó ń kọjá, tó sì ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti kọ́ ohun tó fẹ́ kọ́.

Ní ti ọmọdé, ẹ má fi ọmọdé àti ọmọ ajá sílẹ̀ láwọn nìkan, ìṣẹ́jú kan báyìí, ẹ má ṣe é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ò gbọ́dọ̀ gbé e nílẹ̀, ó máa já a. Ẹ ní kó jókòó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ajá wá bá a. Ẹ kọ́ ọmọ náà pé a kì í fa etí, a kì í gun ajá, a kì í sún mọ́ ọn tó bá ń jẹun àbí tó bá ń sùn. Tí eyín ajá bá wá kan ọmọ tó sì bó o lára, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn. Dìgbòlugi kì í ṣe àìsàn tá a lè sọ pé ká wò ó títí di ọ̀la, tó bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí ìwòsàn.

Ara ẹ̀ ń sọ̀rọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n gbọ́ pé kí ajá mọ èèyàn, wọ́n bá gbé e lọ sáàárín ọjà, wọ́n dì í mú, èèyàn mẹ́wàá ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní ó máa mọ́ ọn lára. Kò ní mọ́ ọn lára, ẹ̀rù ẹ̀ ló máa kọ́.

Ẹ máa wò ó. Tó bá ń lá imú láìsí oúnjẹ níwájú ẹ̀, tó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí etí lẹ̀ mọ́ ọn lórí, tí ìrù há sáàárín itan, tí funfun ojú ẹ̀ ń hàn, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè tó dúró gbagidi, ó ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Èyí tó dájú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni oúnjẹ: ọmọ ajá tó fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ tó wá kọ̀ tí kò jẹ ẹ́ mọ́, àyà ẹ̀ ti já. Ẹ má bá a wí, ẹ má fà á lọ síwájú. Ẹ sún sẹ́yìn títí tó fi máa jẹun padà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n máa ń sọ pé téèyàn bá gbé ajá mọ́ra nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù yẹn á pọ̀ sí i, irọ́ ni. Tó bá sá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó fara tì yín.

Ẹ sì máa fiyè sí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 dáadáa, nǹkan burúkú kan ṣoṣo tó bá ṣẹlẹ̀ sí i nígbà yẹn lè pẹ́ lára ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ajá ńlá kan gbé e ṣubú.

Ariwo

Ọmọ ajá tó bá máa gbé pẹ̀lú wa ní láti mọ ariwo ju ajá òyìnbó lọ. Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, fèrè ọ̀kadà, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ kùtù, aago àti ìlù ní vigil, ààrá, òjò lórí páànù, àwọn ọmọ tó ń kígbe "Up NEPA!" lẹ́ẹ̀kan náà bí iná bá dé. Kí oṣù Disẹ́ḿbà wá dé pẹ̀lú báńgà, tẹ́ ẹ bá wà ní Ìbàdàn kí ọdún Egúngún dé, pẹ̀lú pàṣán àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn.

Òfin kan náà ni: láti òkèèrè wá sítòsí, láti kékeré lọ sí ńlá, oúnjẹ ò sì gbọ́dọ̀ jìnnà. Mo wo bí aládùúgbò mi kan ṣe ṣe ti jẹnẹrétọ̀ fún Boerboel ẹ̀ tó wà ní ọ̀sẹ̀ 9, ó sì dáa lójú mi gan-an. Ẹ̀yìnkùlé ni jẹ́nì wà, ó gbé ọmọ ajá sí iwájú ilé, ilé wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fa okùn jẹ́nì, ó tàn, dùùù. Ọmọ ajá dáwọ́ eré dúró, etí ẹ̀ méjèèjì yí padà sẹ́yìn, ó gbé orí sókè ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́. Ẹ̀dọ̀ já bọ́ síwájú ẹ̀. Ó wo ẹ̀dọ̀, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wo ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jẹ ẹ́. Òmíràn já bọ́. Kó tó di pé ó jẹ ìkẹta tán, ìrù ẹ̀ ti padà sókè. Wọ́n pa jẹ́nì, ẹ̀dọ̀ náà dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kejì wọ́n sún díẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e wọ́n tún sún díẹ̀. Ní báyìí, tí wọ́n bá fa okùn jẹ́nì, ajá yẹn á lọ jókòó níwájú ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

Fún ààrá àti báńgà tẹ́ ẹ ò lè pàṣẹ fún, ẹ wá ohùn ẹ̀ lórí fóònù, ẹ tàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ débi tí ajá ò fi ní bìkítà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ nígbà tó bá ń jẹun, kẹ́ ẹ wá máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́?

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí nìyí, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni, torí àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní parvo ń pa ọmọ ajá nílùú yìí lójoojúmọ́, ó máa ń mú Rottweiler jù. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè ti kú. Kòkòrò ẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó ní in ti kúrò níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ fáwọn èèyàn pé kí ajá má jáde títí tó fi máa gba gbogbo abẹ́rẹ́ tán. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ 16 ni. Ọ̀sẹ̀ 16, ìgbà tá à ń sọ yìí ti kọjá.

Ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń gba ìgbà púpọ̀ ni pé ààbò tí ọmọ ajá mu nínú ọyàn ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ṣì wà lára ẹ̀, ààbò yẹn lè máà jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ràn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa tán lára ajá kan. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí wọ́n ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí dé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, láti oṣù mẹ́ta. Kòkòrò inú náà, ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko tó ń rí sí ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ní 2008, wọ́n ní ọmọ ajá lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, tó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú, tó sì ti lo oògùn kòkòrò. Wọ́n ní ìwà tó bàjẹ́ ló ń pa ajá tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ju àìsàn lọ, torí tí ajá bá burú tán, wọ́n á lé e jáde, àbí kí wọ́n pa á.

Torí náà, ẹ gbé e. Kẹ́sẹ̀ ẹ̀ má kan ilẹ̀ ìta ni. Ẹ gbé e mọ́yà, ẹ gbé e sínú bàágì tó ní ẹnu gbòòrò, ẹ gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀ nínú mọ́tò ní páàkì kẹ́ ẹ ṣí wíńdò, kó máa wo ayé tó ń kọjá. Ẹ gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ yín tí ara ajá ẹ̀ dá, tó ti gba abẹ́rẹ́ pé, tó sì ní sùúrù fún ọmọ ajá, kí wọ́n ṣeré nínú ọgbà. Ẹ má gbé e sílẹ̀ níbi tí ajá tẹ́ ẹ ò mọ̀ ń kọjá, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ ní ọsibítù ajá, orí ẹsẹ̀ yín ni kó wà. Tẹ́ ẹ bá ti ìta dé, ẹ bọ́ bàtà síta. Tí ajá kan bá ti kú nínú ọgbà yín rí látàrí parvo, ife Jik kan sí ife omi 30 lẹ máa fi fọ sìmẹ́ńtì àti táìsì, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó ṣàn án, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ nínú yẹ̀pẹ̀. Tó bá jẹ́ ọgbà oníyẹ̀pẹ̀ nìyẹn, inú ilé ni kí tuntun wà títí abẹ́rẹ́ ẹ̀ fi máa pé.

Tí ẹni tó tà á fún yín bá ní "ó ti gba abẹ́rẹ́," ẹ ní kó mú káàdì wá, kẹ́ ẹ rí ọjọ́ àti orúkọ abẹ́rẹ́. Tí kò bá sí káàdì, kò gba nǹkan kan. Ní Ìbàdàn ẹ lè lọ sí ọsibítù ẹranko ti Yunifásítì àbí ti ìjọba ní Mọ́kọ́lá, ní Abẹ́òkúta ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀, wà ńbẹ̀.

Àwọn nǹkan míì tó yẹ kó mọ̀

Ilẹ̀: táìsì tó ń yọ̀, yẹ̀pẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́, koríko tútù, àtẹ̀gùn, irin tí wọ́n fi bo gọ́tà. Ẹ tú ẹran sórí ẹ̀ kó fúnra ẹ̀ gorí ẹ̀.

Ọwọ́ lára: lójoojúmọ́, fún ìṣẹ́jú kan àbí méjì, ẹ wo inú etí ẹ̀, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀, ẹ di àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ tẹ èékánná ẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ìrù ẹ̀, kí ẹran sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ tó ti wọn kílò 60 máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ tún máa dúró lọ́dọ̀ dókítà yẹn lọ́jọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́, kó jẹ ẹran níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Abọ́ oúnjẹ: ẹ má máa gba abọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti fi hàn án pé ẹ̀yin lọ̀gá, ẹ̀ ń kọ́ ọ pé olè lẹ jẹ́ ni. Tó bá ń jẹun, ẹ máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ ju ẹran kan sínú abọ́. Inú ẹ̀ á máa dùn tó bá rí yín tẹ́ ẹ ń bọ̀.

Ẹran ọ̀sìn: adìyẹ, ewúrẹ́, ológbò, àgbò Iléyá. Okùn ni kó wà lọ́rùn ẹ̀, kó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ fún un jẹ nígbàkígbà tó bá wò wọ́n tí kò fò mọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kó lé wọn rí, ẹ̀ẹ̀kan tó bá lé adìyẹ tó rí i pé ó dùn, iṣẹ́ yín ti di méjì. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí tipẹ́, ajá kékeré máa ń tẹ̀ lé ajá àgbà tó ti gbọ́ràn wọgbó, òun ló máa wò kọ́ṣe.

Gbogbo èyí pọ̀ lójú, àmọ́ ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ti tó. Ọmọ ajá máa ń sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́, oorun yẹn ṣe pàtàkì, èyí tó bá ń gé èèyàn jẹ kiri nírọ̀lẹ́, oorun ló ń kùn ún lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ṣé kò ní wá di ajá yẹpẹrẹ báyìí?"

Kò ní dì í. Ẹ̀jẹ̀ ṣíṣọ́lé ti wà lára Boerboel àti Rottweiler, ó máa ń yọ bí wọ́n bá ń bàlágà, láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ sí ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní láti fi ìyà pè é jáde. Ajá tó bá fọkàn balẹ̀ ló máa dúró nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, onífòyà máa gbó títí, tí olè bá wá gbé igi sókè, á sá wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ máa fi ata sóúnjẹ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀tù ìbọn sí i, kẹ́ ẹ máa nà án kó lè gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀ ń ba inú ẹ̀ jẹ́ ni, ẹ sì ń kọ́ ọ pé ọwọ́ èèyàn ni ìyà ti ń wá.

Tí ajá yín bá ti kọjá oṣù mẹ́rin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka èyí, ẹ má sọ̀rètí nù. Ọ̀nà kan náà ni, ó kàn máa pẹ́ ni, ẹ óò sì jìnnà sí ohun tó ń bà á lẹ́rù ju bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 lọ. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ ìdènu, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń bo ajá lẹ́nu kó má bàa gé èèyàn jẹ, nínú ilé, pẹ̀lú ẹran, kẹ́ ẹ tó mú un jáde láàárín èèyàn. Tó bá ti gé èèyàn jẹ rí, ẹ lọ bá dókítà ajá ná kó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìrora etí àbí ti egungun máa ń mú ajá bínú, ẹ ò sì ní mọ̀. Èyí tó ti mọ ayé dáadáa náà, ẹ má wá tì í mọ́lé torí pé ó ti pé oṣù mẹ́rin, ẹ máa mú un jáde títí tó fi máa pé ọdún kan ààbọ̀, torí àárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ajá tó ti mọ ọlọ́kadà tẹ́lẹ̀ lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbó mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ mú ẹ̀dọ̀ adìyẹ yín, kẹ́ ẹ padà lọ jókòó síwájú géètì.